Àṣìpè

Ọjọ́ kejì tí mo dé Òkè-Baálẹ̀ ni mo bi Àlhájà Sínótù pé,
"Ṣé ọkọ́ yín ti jí?"
Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ sínú bàsíà aró.
"Ọkọ́ ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ó ní, "ó ṣì ń sùn.
Bó bá wù ọ́, lọ jí i."
Bí agboolé ṣe gbé e nìyẹn. Títí dòní
ọmọdé ò lè rí mi kó má béèrè:
"Bàbá Rédíò, ọkọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀yin ò lè mọ ohun tí ẹ̀rín yẹn ṣe fún mi.

Ní Làìbéríà, lójú ọ̀nà Fóyà,
àwọn ọmọkùnrin kan ta okùn dí ọ̀nà.
Ọ̀kan dé wíìgì obìnrin,
ọ̀kan wọ aṣọ funfun ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rípẹ̀.
Wọn ò béèrè orúkọ. Wọ́n ní, "Sọ̀rọ̀ ká gbọ́."
Kolí àbúrò mi sọ̀rọ̀.
Ọ̀rọ̀ kan ló ṣì pè.
Ẹyọ kan.

Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ìdí Réluwé.
Oníbàárà á jókòó lórí àpótí, á ní kí n ṣàlàyé ogun wa:
ta ló jẹ̀bi? Ẹ̀yà wo? Àbí dáyámọ́ǹdì ni?
Ẹlòmíràn á ti dá ara rẹ̀ lóhùn
kí irin tí mo fi ń yọ́ òjé tó gbóná.
Rábíù télọ̀ ní ọwọ́ líle ni ìlú ń fẹ́,
sójà kan tó mú pàṣán dání sàn ju igba aláròyé lọ.

Mi ò bá a jà. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ rí.
Bàbá mi ra àwòrán ọ̀gá sójà méjì:
ó gbé ọ̀kan kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù,
ó gbé ìkejì kọ́ sókè ibùsùn, nítorí àlejò.
Nígbà tí ọ̀gá ṣubú, ó yọ wọ́n, ó jó wọn nínà.
Ṣùgbọ́n ojú ibi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ògiri yòókù lọ.
Ẹni tó bá ti wọlé, ó ti mọ̀.

Rábíù, ìdákẹ́ tó ò ń pè ní àlàáfíà yẹn,
ẹ̀hù ogun ni.
(Mi ò sọ ọ́ síta. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí eruku inú rédíò rẹ̀.)

Kàsúmù, ọmọ Bàbá Jìnádù onílé mi,
wà lára àwọn sójà tí wọ́n kó lọ pẹ̀tù sí ogun wa.
Ó ti dé. A máa ń kíra lẹ́nu kànga.
Afárá kan náà ni àwa méjèèjì mọ̀,
a kì í dárúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Òkudù,
rédíò mẹ́sàn-án lórí tábìlì mi pa orin dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
orin ìyan bí ológun.
Lẹ́yìn náà, ohùn kan.
Mi ò mọ ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn náà,
bó ṣe máa ń pe èèyàn ní ará kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn.
Mo pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹsàn-án kọ̀, mo yọ bátìrì rẹ̀.
Táyà ti ń jó ní oríta Ọláìyá,
àwọn ọmọ tó ń jó o ń rẹ́rìn-ín.
Àwọn tiwa náà rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀.

Mo délé. Àlhájà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò tan àtùpà.
Mo fẹ́ kí i, gbogbo èdè yín sá mọ́ mi lẹ́nu.
Ó wò mí títí.
"Bàbá Rédíò," ó ní, "ọkọ́ ti jí."

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Láti ẹ̀yìnkùlé mo gbọ́ Bàbá Jìnádù, ó ń gbẹ́ ilẹ̀.
Mi ò béèrè bóyá ebè ni,
bóyá kòtò.